Orin Pápà Tamuno Nínú Láptọ́ọ̀pù Àlòkù

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Mo ti gbà á, kò sì sí pé mo ń padà sẹ́yìn mọ́. Ìṣojú gbogbo akọrin ni lánàá. Pápà Tamuno, ọ̀gá akọrin wa, dìde lórí àga rẹ̀, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Àdùfẹ́, na you go write am. Ìwọ nìkan lo lè ka ohun tí mo bá kọ." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Kó tó di ọjọ́ àjọ̀dún, orin yín á ti wà lórí ìlà márùn-ún tí wọ́n ń to nọ́ọ̀tì sí bíi tinú ìwé òyìnbó." Àwọn tó ń kọ ohùn òkè pàtẹ́wọ́. Àwọn téńọ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn yẹn kò níṣẹ́ míì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú òsì Pápà ti lọ. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń ṣú. Dókítà ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, 25 oṣù kọkànlá, ó sì sọ ọ́ fún Ebiere, ọmọ Pápà obìnrin, pé ojú náà lè là, ó sì lè fọ́ pátápátá. Àjọ̀dún ọgọ́ta ọdún ìjọ wa bọ́ sí Sunday tó ṣáájú rẹ̀. Pápà ní òun fẹ́ fi ojú òun rí orin òun nínú ìwé títẹ̀, kí òun sì gbọ́ ọ lẹ́nu akọrin, kí òun tó dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ. Kò béèrè nǹkan míì lọ́wọ́ ìjọ.

"Olúwa Ń Já Ẹrù" ni orin náà. Ọdún 1984 ló kọ ọ́, nígbà tí òun náà ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ẹ̀yìn ìwé táálì tí wọ́n fi ń ka àpò sìmẹ́ńtì ló kọ ọ́ sí, sólúfà, doh-ray-mi ní lẹ́tà lásán, ohùn mẹ́rin, báà méjìléláàádọ́fà bí wọ́n ṣe ń pín orin sí wẹ́wẹ́. Ó gbé e lọ fún ẹni tó ń tẹ dùùrù nígbà náà. Ọkùnrin yẹn wò ó, ó ní, "Eléyìí kì í ṣe orin, á-bí-dí ni." Láti ọjọ́ náà ni ìtìjú kò ti jẹ́ kó mú un jáde mọ́, àní nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di ọ̀gá akọrin. Ìwé mẹ́wàá ni. Ikán ti jẹ orí gbogbo wọn, omi sì ti gbé ìkeje lọ.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni ọ́fíìsì fún mi ní láptọ́ọ̀pù yìí nígbà tí wọ́n ra tuntun. Bátìrì rẹ̀ ti kú, bí wọ́n bá yọ wáyà báyìí, ó kú nìyẹn. Bọ́tìnnì E ti bọ́ kúrò lórí rẹ̀. Windows 7 ló wà nínú rẹ̀, n kò sì ráhùn rí. Òun ni mo fi ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìgbéyàwó gbogbo àdúgbò wa.

Tochukwu, ọ̀gá bándì tí yóò fun fèrè sí orin náà, sọ sọ́fútíwíà orin tí òun ń lò fún mi. Ọ̀fẹ́ ni. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ọ́fíìsì ní Liverpool Road torí jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, mo gbà á wálẹ̀ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo dátà mi sì bá a lọ. Nígbà tó parí, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní Windows mi ti gbó jù fún òun. Kò tiẹ̀ ní ẹ jọ̀wọ́.

Ọ̀gá Godfrey tó ni ilé iṣẹ́ wa kò jẹ́ kí n fi í sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ó ní, "Madam Àdùfẹ́, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ló wà lórí machine yẹn o. Ẹ má fi orin bà á jẹ́ fún mi." Mo ní kò burú. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń tẹ ìwé ẹrù fún ọkùnrin yìí. Ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi ni mo máa ń mú un lọ lẹ́ẹ̀kẹrin tí wọ́n á fi gbà á. Sọ́fútíwíà lásán kò lè dá mi padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti borí rẹ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ sọ́fútíwíà kan náà ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2018. Mo gbà á wálẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́. Òjò rọ̀ láti àárọ̀, omi ojú pópó dé orókùn, kò sẹ́ni tó lè wá dí mi lọ́wọ́. NEPA náà ṣe dáadáa.

Orí ìwé tó yẹ kí Pápà kọ ọ́ sí pé ohùn báyìí ni doh, bóyá C, bóyá G, inú ikán ló wà báyìí. Mo fi doh sí C, torí ibẹ̀ ló mọ́ jù lórí dùùrù, kò sí bọ́tìnnì dúdú kankan láti bá jà. Báà mẹ́rìndínlógún ni mo kọ kí iná tó lọ ní aago mẹ́rin. Kó tó lọ, mo tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dún pọ̀. Ó ń dún bí ẹni ń lu agolo, ṣùgbọ́n orin Pápà ni. Láti ọdún mọ́kànlélógójì, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Tochukwu fi apá fèrè ránṣẹ́, fún báà mẹ́rìndínlógún tí mo ti fi ránṣẹ́ sí i. Láptọ́ọ̀pù mi kọ̀ ọ́, ó ní ẹ̀dà tó ga ju tòun lọ ló kọ fáìlì náà. Mo pe ọmọkùnrin náà.

"Aunty, ẹ kúkú jẹ́ kí n ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò àwọn ìwé yẹn, ẹ fi ránṣẹ́."

"Ṣé o lè ka sólúfà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn ìwé sìmẹ́ńtì?"

"Mo lè try."

"Má try. Wá ọ̀nà míì fi fáìlì náà ránṣẹ́."

Ó yí i sí irú fáìlì tí gbogbo sọ́fútíwíà orin lè kà. Ó ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé tú ká, gbogbo lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ sì di àpótí kékeré. Ibi tí mo bá wò, àpótí lórí àpótí. Orin ẹni tó ń já ẹrù ti di ọgbà kòńténà.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Akọrin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la jẹ́, kò sí ẹyọ kan nínú wa tó lè ka ìlà márùn-ún geere. Sólúfà la fi dàgbà. Àwọn afunfèrè ẹ̀wẹ̀ kò mọ sólúfà, ìlà márùn-ún ni tiwọn. Nítorí náà, mo ní láti kọ lẹ́tà sólúfà sábẹ́ gbogbo nọ́ọ̀tì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú ìwé méjì gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo ṣírò rẹ̀: bó bá ń lọ báyìí, oṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀ ni n ó parí.

Tochukwu ní ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀dà tuntun, ó ń kọ lẹ́tà sólúfà náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí lónìí, kí n má purọ́ nínú ìwé ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Oghogho tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Boundary. Inú òkú kọ̀ǹpútà ni ọmọbìnrin yẹn ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì ń jí wọn dìde. Ó ṣí ìdí láptọ́ọ̀pù mi, ó fẹ́ eruku kúrò, ó wò ó títí.

"Mummy, this laptop no bad. Na the Windows old."

"Kí wá ni ṣíṣe?"

"E get another one wey no be Windows. Linux. Ọ̀fẹ́ ni. Máa fi sínú flash fún yín, ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ ọ wò. Tí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ yọ flash, Windows yín ṣì wà níbẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe kòkòrò lo fẹ́ kó sí i fún mi?"

"Mummy, kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ báyìí pọ̀ ju customer mi lọ."

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó fi wọ́n hàn mí lójú kòrókòró. Mẹ́mọ́rì àlòkù láti fi kún èyí tó wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Fíláàṣì, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo ná an sí méjìdínlógún. Ó ní ẹnu mi mú. Mo ní ẹnu náà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá. Aago mẹ́wàá àárọ̀

Ó ṣiṣẹ́! Mo ti fíláàṣì bọ̀ ọ́, láptọ́ọ̀pù jí sí ilé tí n kò dé rí, gbogbo nǹkan yí ipò padà, ṣùgbọ́n sọ́fútíwíà tuntun gbà láti ṣí. Fáìlì Tochukwu ṣí. Àpótí ti di lẹ́tà, Ọlọ́run ti padà di Ọlọ́run. Ta ló sọ pé arúgbó kì í kọ́ ijó tuntun? N kò ní dìde níbí títí n ó fi dé báà ogójì.

Aago mẹ́ta ọ̀sán

Mo dé báà ogójì. NEPA mú iná lọ. Nígbà tó dé, mo tún un tàn, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀. Kì í ṣe fáìlì nìkan, sọ́fútíwíà pàápàá kò sí mọ́. Mo pe Oghogho, ó ní, "Mummy, I no tell you say na to test? Flash yẹn kì í rántí nǹkan. Tí ẹ bá ti pa á, ó ti gbàgbé."

Kò sọ ọ́ fún mi. Tàbí ó sọ ọ́, ti owó ni mo ń bá a fà.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo padà sí Boundary. Mo ti kó fọ́tò mi, ìwé ètò ìsìnkú gbogbo ayé àti fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì sínú fíláàṣì míì. Oghogho fi ìka sórí bọ́tìnnì, ó wo ojú mi. "Mummy, kí n pa Windows rẹ́? Kò ní sí ẹ̀yìn-padà o." Mo ní, "Pa á rẹ́." 

Ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ó ti parí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: láptọ́ọ̀pù tó máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jí, kí n tó họ orí, ó ti ṣí. Mo so ohun kékeré tí Tochukwu wí mọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe, kò fi ìṣẹ́jú kan ṣe é. Mo bú u, lẹ́yìn náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí o, báà kan, ìpamọ́ kan. Kí n tó mí, mo ti pa á mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Báà mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ibẹ̀ ni ìwé keje tí omi gbé lọ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sílé Pápà. Ebiere fa wáyà láti ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wọn fún mi. Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù wá, ó ní n kò ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì kí n tó jẹun.

Pápà rántí ohùn òkè. Ó rántí áltò, ó rántí béésì bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kan téńọ̀, kò rántí. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó mi orí. Ó ní, "That one don go."

Mo ní, "Ẹ ṣe òmíràn, sà."

"Ṣé ìyẹn kì í ṣe irọ́?"

"Ta ló kọ ti àkọ́kọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó di ojú, ó ní kí n kọ ohùn mẹ́ta yòókù sí i létí. Mo jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù kọ wọ́n fún un, òun ń wá ọ̀nà láàárín wọn. Ó pẹ́ kó tó rí i. Èyí tó rí kò ga, kò sì kánjú. Ó ní téńọ̀ 1984 máa ń pariwo torí òun náà ń pariwo nígbà náà. Mo fẹ́ràn èyí ju ohunkóhun tó kù nínú orin náà lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo ti parí rẹ̀. Báà méjìléláàádọ́fà. Ìlà márùn-ún lókè, sólúfà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn akọrin ti ń kọ́ ọ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Pápà kì í fi dùùrù fún wa ní doh, ohùn tí a ó gbé orin lé. Á fọwọ́ kan àyà, á di ojú, á sì gbé e jáde láti ọ̀fun rẹ̀, gbogbo wa á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Báyìí ló ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ogún ọdún.

Tòmátì ti wọ́n. Mo jẹ ìrẹsì funfun pẹ̀lú òróró, inú mi sì dùn bí ẹni jẹ àsè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

A pàdé bándì lónìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Afunfèrè mọ́kànlá, aṣọ funfun, bàtà dídán. Pápà fọwọ́ kan àyà, ó fún wa ní doh. Tochukwu gbé ọwọ́ sókè, a jọ wọlé.

Bándì gba ọ̀nà Badagry, àwa gba ọ̀nà Ìkòròdú. A dúró, a tún bẹ̀rẹ̀, ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn téńọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Pápà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ó jọ pé orin náà gan-an ni kò dáa." Ebiere mú un lọ sílé.

Tochukwu wá bá mi lẹ́yìn. "Aunty, key wo lẹ kọ ọ́ sí?"

"C."

"Key wo ni Pápà ń fún kọ́áyà?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Ẹni tó ń ka sólúfà, ibi tí wọ́n bá gbé doh fún un náà ló máa gbà, kò béèrè orúkọ rẹ̀; bándì ń fun C tí mo kọ, àwa ń kọ doh Pápà. Oṣù kan àtààbọ̀ ni mo fi ń bá láptọ́ọ̀pù jà, èmi ni mo sì fi doh sí C torí ó mọ́ lójú mi. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó yẹ kí n sáré tọ Pápà lọ lójú ẹsẹ̀, kí n sọ fún un. N kò lọ. Ojú tì mí, mo wá sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá

Lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Pápà, orin yín kò ní àléébù kankan. Èmi ni mo kọ doh sí ibi tí kò sí."

Ó ní, "So na you."

"Èmi ni, sà."

"Àdùfẹ́, láti àná, I never chop. Mo ti ní onídùùrù á-bí-dí yẹn jàre mi." Ó nawọ́, ó fà mí dìde. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó sọ fún Ebiere pé ebi ń pa òun.

Tochukwu gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní ohun tó ń wọn ohùn wà nínú rẹ̀. Ó ní kí Pápà fún òun ní doh. Fóònù kọ E♭, bọ́tìnnì dúdú tó wà láàárín D àti E. Ó ní kó mu omi, kó tún un ṣe. E♭. Ó jẹ́ kó bá àwọn téńọ̀ jà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá torí ọ̀rọ̀ míì, ó tún bi í. E♭. Tochukwu wo fóònù, ó wo Pápà, ó ní, "Sà, ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ́ machine." Ó ní E♭ dára fún fèrè pàápàá, ó dára ju C mi lọ.

Nígbà tí mo délé, mo yan gbogbo orin náà, mo ní kó gbéra lọ sí E♭. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mo jókòó, mo ń wò ó, inú bí mi sí ara mi fún nǹkan bí wákàtí kan, lẹ́yìn náà mo pa á mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jì.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá

A tún un gbìyànjú lánàá pẹ̀lú bándì. Ó bára mu. Pápà kàn ní kí àwọn téńọ̀ má ṣe sáré.

Lónìí, Ọ̀gá Godfrey pè mí wọ inú yàrá rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ló kọ orin náà. Ó ní bàbá òun náà já ẹrù níbẹ̀ kí òun tó bọ́ sí àdúgbò olówó ní GRA. Ó ní kí n lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì, bébà wà nínú àpótí. N kò bẹ̀ ẹ́, n kò sì bi í bóyá orin á bà á jẹ́. Mo tẹ gbogbo ẹ̀dà márùndínláàádọ́ta. Ti Pápà ni mo lọ tẹ̀ lọ́tọ̀ sórí bébà ńlá, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tóbi tó èkúrọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kọkànlá

Mo gbé e lọ fún un ní ọ̀sán. Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ìwé náà súnmọ́ imú, ó ń fi ojú ọ̀tún wá a kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

"Ibo ni béésì mi wà?"

Mo fi ìka rẹ̀ sórí rẹ̀. Kò mọ ìlà márùn-ún í kà, kò kọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi èékánná tẹ̀lé àwọn orí dúdú náà, bí wọ́n bá gòkè, ó gòkè, bí wọ́n bá sọ̀, ó sọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó kọ béésì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ojú ìwé kejì. Ó dúró. Ó ní, "So na like this e be."

Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe á-bí-dí."

Mo sunkún níwájú Ebiere, n kò sì fi í pamọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kọkànlá

A kọ ọ́. Oòrùn mú, ilé ìjọsìn kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn awakọ̀ tírélà tó wà lójú títì sọ̀kalẹ̀ wá dúró sẹ́nu fèrèsé. Àwọn téńọ̀ wọlé ṣáájú àkókò ní báà kẹtàdínláàádọ́ta, ẹni tí kò mọ̀ kò mọ̀. "Ó já ẹrù mi lórí omi, ó já ẹrù mi lórí ilẹ̀." Ibẹ̀ ni fèrè ti bá wa wọlé.

Bébà ńlá wà níwájú Pápà. Kò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ́kọ́ rò pé kò rí i ni. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé àwa ló ń wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ó ń gbé ojú kan ṣoṣo tó kù yẹn láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì, gbogbo wa mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó kàn mí, ó dúró díẹ̀, ó mi orí, ó kọjá sí ẹni tó tẹ̀ lé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n mú Pápà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní aago mẹ́sàn-án. Ebiere ní ó ń kọ béésì lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejìlá

Wọ́n tú báńdéèjì lónìí. Mo gba àyè lọ́wọ́ Ọ̀gá Godfrey, mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá gbogbo tírélà yẹn títí mo fi rí ọ̀kadà tó gbé mi dé ọsibítù.

Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó yí i sí ọ̀nà ẹsẹ̀ mi. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Àdùfẹ́."

"Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni, Àdùfẹ́. I dey see light. Èèyàn kò sí níbẹ̀."

Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó jẹ́ kí n dì í mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbà á padà, ó sì kan ìwé tí mo dì mú ní ọwọ́ kejì.

"O gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ìwé kan ni, sà. Tèmi ni, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ sí i."

"Ṣé àyè kù nínú ẹ̀?"

"Ó kù."

"Ṣí i. Òmíràn wà. Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí mi, mi ò kọ ọ́ torí mi ò rí ẹni tí mo fẹ́ kọ ọ́ fún. Àmọ́ mo ti rí ojú gbogbo yín lọ́jọ́ àjọ̀dún, mo mọ ohùn tó wà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan." Ó fọwọ́ kan àyà, ó di ojú, ó gbé doh jáde. Aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú wò wá. "Ohùn òkè la máa kọ́kọ́ ṣe. Kọ ọ́."

s : l | d' : – | l : s | m : – | r : m | s : – | – : –

Ó ní kí n kọ ọ́ sí òun létí. Mo kọ ọ́. Ó ní ó dáa, kí n ṣí ojú ìwé kejì. A ṣe báà mẹ́rìnlélógún kí nọ́ọ̀sì tó ní àkókò àbẹ̀wò ti tán. Gbogbo ojú ìwé tó kù nínú ìwé yìí, ti Pápà ni.